Onílé Ni Kò Ní Gbà: Omi àti Àwọn Ilé Gbogbogbò láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ní, àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Láti kékeré ni a ti mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjà tàbí ti ìdáàbòbò ara ẹni bá délẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ni a ń rántí pé ọ̀rọ̀ ilé àti omi gan-an ni òwe náà ń sọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti rí ògiri amọ̀ tí ó ń yọ̀ sílẹ̀ lójú òjò, ó sì ti rí onílé tí ó gbé ọkọ́ jáde lóru láti la ọ̀nà fún omi. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni pé, nígbà tí ilé náà bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí mairie, ta ni onílé? Ìjọba ni, ni ọ̀pọ̀ yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í sùn sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kì í gbé ọkọ́ lóru. Ilé tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ni ó rọrùn jù fún àgbàrá láti wó.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àwọn baba wa tẹ ìlú dó sí. Kétu wà lórí ilẹ̀ gíga gbígbẹ. Omi mímu ni ó ń yọ àwọn ará ibẹ̀ lẹ́nu, kì í ṣe omíyalé. Ṣábẹ jókòó sí ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta rẹ̀. Àjàṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ díjú díẹ̀, nítorí ìlú etí ọ̀sà ni. Síbẹ̀, orí ilẹ̀ gíga tí ó kọjú sí ọ̀sà ni ìlú àtijọ́ wà, kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ ń kan omi. Àwọn kòtò ilẹ̀ bíi Zounvi ni omi òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà. Nígbà tí ìlú kún, tí ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé omi lọ sínú kòtò wọ̀nyí, ni àwọn ará Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe òjò ní ọ̀tá.

Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n ń gbé orí omi gan-an, ìyẹn àwọn Tòfinù ti Ganvié àti àwọn abúlé yòókù lórí adágún Nokoué, gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú ni wọ́n sá fún tí wọ́n fi wọ inú omi, wọ́n sì gbé ilé wọn lé orí òpó igi. Wọn kò bá omi jà. Wọ́n mọ ibi tí ó ń ga dé lọ́dọọdún, wọ́n sì fi ilẹ̀ ilé wọn sókè ju ibẹ̀ lọ. Ní ìsàlẹ̀ odò Ouémé, láti Bonou dé Adjohoun, Dangbo àti Aguégués, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹ̀kún omi ni ó ń mú ọ̀rá wá fún ilẹ̀ oko, òun ni ó sì ń fi ẹja sílẹ̀ sínú àwọn kòtò tí àgbẹ̀ gbẹ́ sí pápá, tí wọ́n ń pè ní whedo. Ọdún tí odò kò bá kún, ebi ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ará ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ronú bí yóò ṣe lé omi lọ. Bí ilé náà yóò ṣe gba omi lálejò fún oṣù méjì ni kí ó rò.

Ní Kútọnu ni ìtàn náà ti yí padà. Orí iyanrìn tín-ínrín tí ó wà láàárín òkun àti adágún Nokoué ni ìlú náà wà. Àwọn tí ó mọ èdè Fọ̀n ń túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí ẹnu odò ikú. Ní ayé àtijọ́, omi Nokoué kò ní ojúlé sí òkun ní Kútọnu. Apá ìlà-oòrùn ni ó ń gbà, gba ọ̀sà Àjàṣẹ́ kọjá títí dé Èkó, kí ó tó rí òkun wọ̀. Bí odò Ouémé bá kún ju agbára ọ̀nà jíjìn yìí lọ, omi a máa kó jọ sí ẹ̀yìn iyanrìn Kútọnu, a sì máa gorí rẹ̀. Ní ọdún 1885, àwọn Faransé gé iyanrìn náà kí ilé ìṣòwò wọn má baà rì. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ nígbà náà ni ó di ojú omi ńlá tí àwọn afárá Kútọnu ń gorí rẹ̀ kọjá lónìí.

Mo rò pé a kò tíì ka ọdún 1885 sí bí ó ti yẹ nínú ìtàn ilẹ̀ wa. Àwọn ìwé ìtàn ń sọ ti ogun Béhanzin àti ti àdéhùn, wọ́n sì ń fo kòtò yìí. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí a ṣe ní etí òkun yìí nítorí àtidáàbò bo ilé lọ́wọ́ omíyalé ni kòtò náà, ó sì ṣe ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe àti ohun tí a kò fẹ́. Omi Ouémé rí ọ̀nà tààrà jáde. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí omi dídùn gbà jáde ni omi iyọ̀ gbà wọlé. Láti ìgbà náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun a máa wọ Nokoué, a sì máa rìn lọ sí ìhà Àjàṣẹ́. Ẹja yí padà, koríko etí omi yí padà, ìgbésí ayé apẹja sì yí padà pẹ̀lú wọn. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé iyọ̀ yìí ń wọ inú ògiri. Irin tí a fi sínú kọ́ńkéré ń dípẹtà bí iyọ̀ bá ti dé ibẹ̀. Irin tí ó bá dípẹtà a máa wú, kọ́ńkéré a sì là láti inú wá. Ilé tí ó ti wẹ̀ nínú omi iyọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lè máa rẹwà lójú lẹ́yìn tí a bá ti kùn ún ní ọ̀dà, kí eegun rẹ̀ sì ti jẹrà.

Lẹ́yìn òmìnira, ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i, ìyẹn sì jẹ́ ohun ayọ̀. Ìlànà kan ṣoṣo ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní ìlà kan, pẹ̀lú ọ́fíìsì olùdarí àti yàrá ìkẹ́rù sí, ògiri bíríkì sìmẹ́ńtì, òrùlé páànù. Ẹni tí ó bá rin ìrìn-àjò láti Malanville dé Sèmè yóò rí ilé yìí kan náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi. Ó rọrùn láti ṣírò owó rẹ̀, ó rọrùn fún ọ̀mọlé láti kọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò bi ilẹ̀ léèrè. Ilé tí ó bá òkè Kétu mu ni a gbé lọ sí àbàtà Aguégués. Ibi tí ilẹ̀ bá sì ṣófo tí kò ní olówó tí ń du ú ni a sábà máa ń fi fún ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn àgbẹ̀ mọ ìdí tí ilẹ̀ náà fi ṣófo. A kò bi wọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ ti wà nìyẹn nígbà tí ọdún 2010 dé. Òjò rọ̀, kò sì dá. Nínú kọ́múnù 77 tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, omi dé 55. Ènìyàn bí 680,000 ni ó kàn. 46 ni ó kú. Ilé tí ó bàjẹ́ lé ní 50,000, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bàjẹ́ sì lé ní 400, yàtọ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn. Kí ẹni tí ń kà á fojú inú wo ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀: oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni odò Ouémé ń ga jù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìgbà náà gan-an ni a ń wọlé ẹ̀kọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí omi kò dé sì di ibùsùn fún àwọn tí omi lé jáde. Ó wá jẹ́ pé yálà omi ni ó wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹbí tí kò ní ilé mọ́. Ọmọ ilé-ìwé kò sí níbẹ̀ lọ́nàkọnà. Bí a bá ń sọ pé ilé gbogbogbò gbọ́dọ̀ lè dúró de omi, kì í ṣe nítorí ògiri rẹ̀ nìkan. Ilé yìí kan náà ni àwọn ará ìlú ń sá sí ní ọjọ́ ibi.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí bí omi ṣe ń pa ilé, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó rò pé ọjọ́ tí omi bá fà ni ewu tán. Omi ní ọwọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ èkínní ni títì: bí omi bá ga lóde tí kò sì sí nínú ilé, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ni ó fi ń ti ògiri, ògiri bíríkì tí kò ní òpó irin lè ṣubú lódindi kí omi tó dé àyà ènìyàn. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó di ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé pa pátápátá fi ogun sí ògiri rẹ̀ lọ́rùn láìmọ̀. Ọwọ́ kejì ni gbígbẹ́: omi tí ń ṣàn a máa kó iyanrìn kúrò lábẹ́ ìpìlẹ̀ ní igun ilé, níbi tí ojú kò tó. Ọwọ́ kẹta ni fífà: lẹ́yìn tí omi ti lọ, ògiri ṣì ń fa ọ̀rinrin sókè láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ó lè gbà á ní oṣù púpọ̀ kí ó tó gbẹ. Ẹni tí ó bá rẹ́ ògiri náà ní sìmẹ́ńtì, tí ó sì kùn ún ní ọ̀dà ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé olóyè kan ń bọ̀ wá ṣí i, ó ti sé ọ̀rinrin mọ́nú nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún kan ọ̀dà náà yóò wú bí ara ẹni tí iná jó. Èyí kò tíì kan ṣáláńgá tí ó kún tí ó sì da ohun inú rẹ̀ sí kànga. Ilé ìwòsàn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ti di orísun àìsàn kó tó di pé ògiri rẹ̀ bàjẹ́.

Ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń wí nípa títún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe kò ṣòro láti yé. Àkọ́kọ́, kí a mọ ibi tí omi ga dé, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìlú Florence ní Ítálì, níbi tí odò Arno ti ya wọ ìlú ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1966, tí ó sì ba ìwé tí ó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ nínú ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè, àmì wà lára ògiri ìlú tí ń fi ibi tí omi dé han ẹni tí ń kọjá. Irú àmì bẹ́ẹ̀ kò ná ju ọ̀dà lọ. Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, ìlà ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ ní 2010 ni a fi ọ̀dà tuntun bò. Ọ̀mọlé tí yóò wá kọ́ yàrá kejì kò wá ní nǹkan kan láti fi wọn ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Bí a bá ti mọ ibi tí omi dé, ọ̀nà méjì ni ó kù. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí a gbé ilẹ̀ ilé sókè ju àmì náà lọ, pẹ̀lú àtẹ̀gùn àti ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún aláàbọ̀ ara. Bí kò bá ṣeé ṣe, nítorí pé ilé ti wà nílẹ̀, kí a gbà pé omi yóò wọlé, kí a sì pèsè fún un. A ó fi ihò sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ògiri kí omi lè wọlé kí ó sì jáde, kí títì inú àti ti òde lè dọ́gba. Ilẹ̀ ilé àti ìsàlẹ̀ ògiri yóò jẹ́ ohun tí a lè fọ̀, kì í ṣe pákó àlẹ̀mọ́ tí ń wú. Wáyà iná mànàmáná yóò máa ti òkè sọ̀kalẹ̀, ojú iná yóò sì ga ju àmì lọ. Ilẹ̀kùn àti bẹ́ǹṣì yóò jẹ́ èyí tí a lè tú kí a sì gbé sókè. Ṣáláńgá ni a ó gbé ga jù, kí ó má baà jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ rì. Igi tàbí koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ dì mọ́ ilẹ̀ ni a ó gbìn sí igun ilé tí omi ń gbẹ́. Nínú gbogbo èyí, gọ́tà tí a kò kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lè sọ iṣẹ́ náà di asán. Nǹkan kan tún wà tí mo ń rí nínú àwọn ìlú wa: bí a bá tẹ́ títì tuntun tí ó ga ju àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ lọ, a ti sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà di àwo. Ẹni tí ó tẹ́ títì kò bá ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba kan náà ni ó ń san owó àwọn méjèèjì.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń léfòó. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ní Mákòko, ní ọ̀sà Èkó, láàárín àwọn Ègùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹbí ní ìhà tiwa. Ní ọdún 2013 ni Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, gbé ilé-ẹ̀kọ́ onígi alájà mẹ́ta kalẹ̀ níbẹ̀ lórí àgbá oníke. Gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá kan wó o lulẹ̀. A ti kó àwọn ọmọ kúrò nínú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a fi ṣe ẹlẹ́yà. Ilé náà fi hàn pé ọmọ orí omi ní ẹ̀tọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ibùgbé rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n igi inú omi ń fẹ́ àyẹ̀wò àti àtúnṣe nígbà gbogbo, àwọn Tòfinù sì mọ èyí dáadáa: òpó tí ó bá ti rà ni wọ́n ń yọ, kí ó tó mú ilé lọ. Ilé tí ayàwòrán yà, tí olówó ẹ̀bùn san owó rẹ̀, tí a kò sì yan ẹni tí yóò máa pààrọ̀ òpó rẹ̀ sí, kò ní onílé.

Ní ìhà Tógò, ẹ̀kọ́ mìíràn wà. Ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ kọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, ń fún wa ní iná mànàmáná; bí ó bá sì kún, ó gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀, àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ títí dé Athiémé àti Grand-Popo a sì rí i. Ìdídò kì í fi dandan gba ènìyàn là. Àwọn ará Ìbàdàn lè jẹ́rìí sí i: ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò wákàtí díẹ̀ pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, omi sì ya láti ìdídò Awba wọ inú ọgbà Yunifásítì. Ohun tí ó lè gba ilé-ẹ̀kọ́ kan là ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tí ó wà nídìí ìdídò sọ fún olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ọjọ́ méjì tó láti tú ilẹ̀kùn, láti gbé bẹ́ǹṣì sórí ara wọn, àti láti kó ìwé sókè.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ni ó jẹ mí lógún jù. Ògiri tí ó wó, a lè tún un mọ. Ìwé àkọsílẹ̀ ìbí tí ó bá ti di ẹrẹ̀ nínú yàrá mairie ti lọ nìyẹn, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ yóò sì mọ̀ ní ọjọ́ tí a bá bi í ní ìwé ìbí kí ó tó lè ṣe ìdánwò CEP. Lóòótọ́, láti ìgbà ìkànìyàn RAVIP ní 2017 sí 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ń fi orúkọ àwọn ará ìlú sínú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ baba àgbà tí ó ń du ilẹ̀ ní kóòtù kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ìwé tí ó lè gbè é wà nínú àpótí kan, nínú ilé kan, ní ibi gíga kan pàtó sí omi. Ní Àjàṣẹ́ ni Archives nationales wà, èyí tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1914, ìwé ìròyìn àwọn alákòóso nípa Kétu, Ṣábẹ àti Pobè sì wà lára ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń pa mọ́ fún wa. Àwọn tí ó lówó jù wá lọ kò bá omi jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí: nítorí pé odò Seine lè ya wọ àjà ilẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris, wọ́n kọ́ ilé ìpamọ́ tuntun sí Liévin, ní ìhà àríwá Faransé lọ́hùn-ún, wọ́n sì ṣí i ní 2019 kí wọ́n lè máa kó àwọn ohun inú àjà náà lọ síbẹ̀.

Àwa kò ní Liévin. A ní pẹpẹ, a ní pákó, a sì ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n mọ fóònù lò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan lọ sí mairie àti ilé-ẹ̀kọ́ àgbègbè rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ó ni í. Kí wọ́n bi àwọn àgbà ibẹ̀ ibi tí omi 2010 dé lára ògiri, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà síbẹ̀, kí wọ́n kọ ọdún náà sí i. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wo àwọn ìwé àkọsílẹ̀, kí wọ́n wo pẹpẹ tí wọ́n wà, kí wọ́n sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú ìwé yìí bóyá òkè ìlà ni wọ́n wà tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀.